Oògùn Tó Kù Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Ẹ̀kọ́ Lórí Jẹjẹrẹ Ìfun Ńlá

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí kì í ṣe èyí tí ń dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́ ọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, ohun tí mo kà tí mo sì bi àwọn tó mọ̀ léèrè ni mo ń gbé wá síwájú yín.

Bí a bá dárúkọ kẹmótẹ́rápì láàárín wa, ńṣe ni ọ̀pọ̀ máa ń káwọ́ lérí. Wọ́n á ní, "Àṣé ó ti burú tó bẹ́ẹ̀!" Èrò yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Nínú àìsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ ti ń le, tí ó ti ń jẹun, tí ó tilẹ̀ ti padà sí ọjà, ni dókítà ń sọ fún pé kí ó wá gba oògùn. Kì í ṣe nítorí pé ó ń kú lọ. Nítorí kí àìsàn náà má baà padà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Oúnjẹ tí a bá jẹ máa ń ti inú ikùn kọjá sí ìfun kékeré, kí ó tó dé ìfun ńlá. Ìfun ńlá gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, òun ni ó ń fa omi kúrò nínú ohun tó ṣẹ́kù lára oúnjẹ títí yóò fi di ìgbẹ́. Lára awọ inú ìfun yìí ni àwọn kókó kéékèèké ti máa ń yọ bí ọmọ olú. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn díẹ̀ a máa dàgbà, wọn a sì di jẹjẹrẹ, ó sì sábà máa ń tó ọdún mẹ́wàá kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo bí àyè tí a ní ti pọ̀ tó!

Ohun tí ń jẹ àyè náà mọ́ wa lọ́wọ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lára ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí ìdí bá ń ro wá, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Bí inú bá ń kùn, a ó ní oúnjẹ dídùn ló pọ̀ jù, a ó sì ra àgbo jẹ̀dí lọ́wọ́ ìyá alágbo. Bí ti oṣù yìí kò bá ṣiṣẹ́, a ó wá alágbo mìíràn ní oṣù tí ń bọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yọ lára ìgbẹ́ rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, àgbo kò sì lè sọ ọ́ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá yọ tí kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ìgbẹ́ tí ó ń há lónìí tí ó ń ṣe gbuuru lọ́la nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara tí ń rù láìsí ìdí, ojú tí ó funfun nítorí àìlẹ́jẹ̀ lára obìnrin tí kò ṣe nǹkan oṣù mọ́: gbogbo wọn tó ohun tí à ń gbé lọ sí ọsibítù. Dókítà yóò fi ìka yẹ ìdí wò, ó sì lè ní kí a fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lórí wo inú ìfun. Mo mọ̀ pé ìtìjú ni ń dá àwọn kan dúró. Àwa tí a ti bímọ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ìtìjú wo ló tún kù?

Bí wọ́n bá rí i pé jẹjẹrẹ ni, tí kò sì tíì tàn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á gé ibi tí ó wà kúrò. Wọ́n á tún yọ àwọn kókó kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ìfun tí ń sẹ́ omi ara, wọ́n á kó wọn lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ó yẹ kí wọ́n rí tó méjìlá yẹ̀ wò, kí ọ̀rọ̀ náà lè dá wọn lójú. Bí jẹjẹrẹ kò bá sí nínú ìkankan, ó lè máà sí ìdí fún oògùn mìíràn. Bí ó bá ti wọ inú wọn, a jẹ́ pé ó ti dé ìpele kẹta, ìgbà náà ni dókítà yóò sọ pé oògùn ṣì kù.

Ẹni tó bá ti roko rí yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. A lè fi ọkọ́ ro oko títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ tónítóní, kí òjò kan rọ̀, kí èpò tún máa hù, nítorí irúgbìn tí ojú kò rí ti já sílẹ̀ kí a tó dé. Ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ ni ọkọ́. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ti bá ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara lọ ni irúgbìn. Kò sí fọ́tò tó lè fi í hàn, aláìsàn kò sì mọ̀ ọ́n lára. Oògùn nìkan ni ó lè bá a níbi tí ó bá fara pamọ́ sí.

Oògùn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìtọ́jú yìí ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Fluorouracil ni orúkọ rẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní 5-FU. Ní 1957 ni Charles Heidelberger àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí tẹ́lẹ̀ pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ eku ń lo èròjà kan tí ń jẹ́ uracil ju bí ẹ̀dọ̀ tí kò ní àìsàn ti ń lò ó lọ. Heidelberger wá rò ó pé bí jẹjẹrẹ bá fẹ́ràn oúnjẹ yìí tó bẹ́ẹ̀, kí a ṣe ayédèrú rẹ̀ fún un. Wọ́n fi fluorine, ìbátan èyí tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín wa, sí ibi kan ṣoṣo lára uracil. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yóò gbé e mì, nígbà tí ó bá sì fẹ́ fi í bí òmíràn, iṣẹ́ yóò dúró.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń yára bí sí i. Awọ ẹnu, awọ inú ìfun àti ẹ̀jẹ̀ tí ń ti inú mùdùnmúdùn eegun jáde ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń gba oògùn yìí fi lè ní egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Àwọn ara tó le yóò bọ̀ sípò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún ni ní oògùn kí wọ́n tó fún ni ní ìsinmi, kí wọ́n tó tún fún ni.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn dókítà fi ń jiyàn bóyá oògùn yìí wúlò fún ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ní 1990 ni Charles Moertel ti Mayo Clinic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí 1,296 aláìsàn wà. Wọ́n fi 5-FU pẹ̀lú levamisole fún àwọn kan fún ọdún kan. Ẹ̀yin àgbà inú wa mọ levamisole. Òun ni Ketrax, oògùn aràn tí a máa ń fún àwọn ọmọ wa! Nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ti wọ kókó ẹ̀gbẹ́ ìfun wọn, ewu pé kí àìsàn padà fi ìdá 41 nínú 100 dín sí ti àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan fún, ikú sì fi ìdá 33 nínú 100 dín. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé kí ẹni tó wà ní ìpele kẹta gba oògùn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé oògùn aràn náà kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi leucovorin, tí ń mú kí 5-FU di jẹjẹrẹ mú dáadáa, rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ ra oògùn aràn nítorí ohun tí mo kọ yìí o.

Oògùn kẹta ni oxaliplatin, tí Yoshinori Kidani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Nagoya ní ilẹ̀ Japan. Ní 2004, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín 2,246 aláìsàn fi hàn pé bí a bá fi í kún méjì ìṣáájú, 78 nínú 100 ni ó wà láàyè láìsí pé àìsàn padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Láìfi í kún un, 73 ni. Ẹni kan lè ní kí ni márùn-ún. Ẹ ka ọgọ́rùn-ún obìnrin nínú ìpàdé àgbáríjọpọ̀ wa, kí ẹ wá mú márùn-ún tí kì bá ti padà sí ọsibítù, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà ń gbà fún ni ní àwọn oògùn yìí. Ọ̀kan ni dírípù lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, tí 5-FU yóò máa ro wọ inú ara díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Èkejì ni dírípù oxaliplatin lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, pẹ̀lú oògùn oníhóró tí ń jẹ́ capecitabine, tí ara fúnra rẹ̀ yóò sọ di 5-FU. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń lo oníhóró náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á sì sinmi ọ̀sẹ̀ kan. Fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sí ọsibítù, èyí a máa dín ìrìn kù.

Oṣù mẹ́fà ni gbogbo ènìyàn ń gbà tẹ́lẹ̀. Ní 2018, wọ́n kó ìwádìí mẹ́fà pọ̀, 12,834 aláìsàn, láti mọ̀ bóyá oṣù mẹ́ta tó. Wọ́n rí i pé fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn kò jinlẹ̀ púpọ̀, tí kókó tó wọ̀ kò sì ju mẹ́ta lọ, oṣù mẹ́ta dírípù pẹ̀lú capecitabine fẹ́rẹ̀ẹ́ bá oṣù mẹ́fà dọ́gba, ìpalára fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sì kéré púpọ̀. Fún àwọn tí tiwọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù mẹ́fà ṣì sàn jù. Nítorí náà, bí arábìnrin kan bá ní oṣù mẹ́ta ni òun gbà, kí èkejì má ṣe rò pé wọ́n ń rẹ́ òun jẹ. Ẹ bi dókítà pé, "Kí ni ìdí tí tèmi fi jẹ́ iye yìí?" Ó ní ẹ̀tọ́ láti dáhùn.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí. Mo mọ obìnrin kan, olùkọ́ bíi tèmi, tí ó gba dírípù mẹ́rin tí ó sì ní ó tó, nítorí pé ara òun ti yá. Àwọn tó yí i ká ní òótọ́ ni, ẹ wo bó ti ń sanra. Àìsàn náà padà kí ọdún méjì tó pé. N kò lè sọ pé bí ó bá parí rẹ̀ kì bá tí padà, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó parí rẹ̀ ni ó bọ́. Ṣùgbọ́n ara yíyá kọ́ ni òṣùwọ̀n. Ara ẹni tó wà ní ìpele kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ a máa yá kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí oògùn bá le jù fún ni, dókítà lè dín in kù, ó lè sún ọjọ́ síwájú, ó sì lè yọ oxaliplatin kúrò kí ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Ẹ sọ fún un kí ẹ tó sá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ń gba oògùn yìí nílé, nítorí ọwọ́ wa ni èyí wà.

Ibà ni àkọ́kọ́, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ lórí. Ní ilẹ̀ wa, bí ara bá gbóná, a ó ra oògùn ibà ẹ̀fọn ní kẹ́míìsì. Ẹni tó gba kẹmótẹ́rápì kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn dírípù, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré jù, kòkòrò tí kò tó nǹkan lè pa á láàárín ọjọ́ kan. Ẹ ra tẹmọ́mítà sí ilé. Bí ó bá ti ka 38, ọsibítù ni, ìbáà ṣe òru. Ẹ má ṣe fún un ní parasitamọ́ọ̀lù kí ẹ padà lọ sùn. Kí ẹ sì sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀ pé kẹmótẹ́rápì ni ó ń gbà.

Oxaliplatin kì í fẹ́ òtútù. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á bá mu omi inú fíríìjì, ọ̀fun rẹ̀ lè fún pọ̀ bí ẹni pé kò lè mí mọ́, bí ó bá sì mú ohun tó tutù dání, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fún un. Ní ìgbà ọyẹ́, kí ó wọ ìbọ̀sẹ̀, kí ó sì bo imú àti ẹnu láàárọ̀. Èyí yóò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí kì í tètè lọ ni kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa kú títí, débi pé kò lè de bọ́tìnnì. Kí ó tètè sọ ọ́, kí ó má fi ṣe ọ̀rọ̀ ìfaradà.

Ní ti capecitabine, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ a máa dúdú, pàápàá lára àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n sì lè máa ta ni kí wọ́n máa bó. Kí ó fi òrí tàbí ìpara tí kò ní òórùn pa wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a fọṣọ olómi gbígbóná. Ní ti irun, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin kọ́kọ́ ń bèèrè, àwọn oògùn mẹ́ta yìí kì í sábà mú un jẹ tán. Ó lè fẹ́lẹ́ díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn ẹ̀jẹ̀. Ìfẹ́ la fi ń rà á fún aláìsàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ní fólíìkì ásíìdì nínú. Ẹ rántí leucovorin tí ń mú kí 5-FU di nǹkan mú. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti fólíìkì. Bí a bá fi tiwa kún ti dókítà, oògùn yóò le kọjá agbára aláìsàn, ìgbẹ́ gbuuru àti egbò ẹnu yóò sì gbé e dè. Ohun kan náà ni mo ń sọ nípa àgbo. N kò sọ pé ewé kò wúlò, àmọ́ kò sí ẹni tó mọ ohun tí àgbo àti oògùn yìí yóò dì nínú ẹ̀dọ̀ kan náà. Àwọn díẹ̀ tún wà tí a bí láìní èròjà tí ń fọ́ 5-FU kúrò nínú ara. Láti 2020 ni wọ́n ti ń gba àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù nímọ̀ràn láti yẹ èyí wò kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá àyẹ̀wò náà wà lọ́dọ̀ yín. Bí kò bá sí, ẹ ṣọ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáadáa, kí ẹ má ṣe dúró de ìgbẹ́ gbuuru kejì ọjọ́.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ń lo capecitabine gbọ́dọ̀ jẹun kí ó tó lò ó. Ẹ bá a gba ààwẹ̀ náà, kí òun jẹun. Bí a bá sì fẹ́ kí i, kí á má ṣe di ogún lọ sí yàrá rẹ̀, kí ẹni tó ń húkọ́ dúró sílé.

Owó wá ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ń sanwó láti inú àpò ara wọn, ti oògùn, ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣáájú dírípù kọ̀ọ̀kan, àti ti ọkọ̀. Àṣà wa ni pé kí a kó gbogbo owó tì sí iṣẹ́ abẹ, kí a wá máa wá ti oògùn lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí oògùn bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí ó bá sì ti ń pẹ́ sí i ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù. Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ran arábìnrin lọ́wọ́ pín owó rẹ̀ sí ọ̀nà méjì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí akápò fi ìdá kejì pamọ́ di ọjọ́ oògùn.

Bí ó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti tàn kí a tó rí i, bí ó ti ń rí fún ọ̀pọ̀ nílẹ̀ wa, oògùn ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ó lè fa ẹ̀mí gùn, ó lè dín ìrora kù, nígbà mìíràn ó lè sún jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ kì débi tí oníṣẹ́ abẹ yóò fi lè gé e.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ń ṣe ìwádìí yìí. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olusegun Alatise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn dókítà Memorial Sloan Kettering ti New York ti ń yẹ jẹjẹrẹ ìfun àwọn ènìyàn wa wò. Ní 2021, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé irú kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláìsàn Nàìjíríà ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé e lọ. Irú èyí dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń da iṣẹ́ ojú pátákó kọ láìsí olùkọ́ tí yóò sàmì sí àṣìṣe rẹ̀, àṣìṣe ń gorí àṣìṣe. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ní 2020 ìwádìí fi hàn pé bí irú yìí bá ti tàn, oògùn kan tí ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde, pembrolizumab, ń dá a dúró pẹ́ ju kẹmótẹ́rápì lọ. Owó rẹ̀ ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa. Síbẹ̀, ó yẹ kí a béèrè pé kí ilé àyẹ̀wò wo irú tí ó jẹ́.

Èyí tó kù ni ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹfà 2025, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Canada, Australia àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, láàárín 889 ènìyàn tó ti parí kẹmótẹ́rápì wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwé ìmọ̀ràn nìkan. Wọ́n fún àwọn yòókù ní ẹni tí yóò máa tọ́ wọn sọ́nà lórí eré ìdárayá fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 80 nínú 100 àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá ni ó wà láàyè láìsí àìsàn, 74 nínú àwọn tó gba ìwé. Kì í ṣe eré sísá. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ tó bí ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, tó láti dé ibi tí wọ́n ń lé. Ohun tí ó sì ran àwọn tó ṣe é lọ́wọ́ ni pé ẹnìkan wà tí ń béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n rìn. Bí arábìnrin kan bá ti parí oògùn rẹ̀ ní ìjọ yín, tí dókítà sì gbà á láyè, kí ẹni méjì nínú wa máa lọ kàn án lẹ́nu ọ̀nà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, pẹ̀lú bàtà tí kò ga lẹ́sẹ̀.